Bàálù ti fẹ́ balẹ̀ n'Ílọrin, ló bá tún gbéra: èmi èrò ẹ̀yìn rí ilẹ̀, kí ló dé tí awakọ̀ ò rí i?

Ará_Tankẹ
Ọjọ́rú, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọkọ̀ òfurufú níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan fún mi.

Àná la wọ bàálù àárọ̀ l'Ékòó, à ń bọ̀ nílé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ṣe rí: ẹni tó bá sá aṣọ funfun síta, aṣọ pupa ló máa ká. Nígbà tó kù díẹ̀ ká balẹ̀, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń jáde lábẹ́ wa, àwọn ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò ti jókòó, wọ́n ti de bẹ́líìtì wọn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo wà. Mo rí òrùlé páànù, mo rí ọ̀kadà kan lójú ọ̀nà oko, mo rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo ti ń wá fóònù mi nínú àpò. Àfi bí ẹ́ńjìnì ṣe bú lójijì, imú bàálù gbé sókè, gbogbo ohun tí mò ń wò tún di eruku. Ẹnì kan lẹ́yìn kígbe "Lá iláha illalláhu", gbogbo ọkọ̀ dá a lóhùn. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀. Ìgbà tí awakọ̀ máa sọ̀rọ̀, ó ní òun ò rí rọ́nwéè, a ó yí po, a ó tún un gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ló bá ní Èkó la ń padà sí.

Ohun tí kò yé mi nìyí: èmi tí mo sanwó jókòó sẹ́yìn rí ilẹ̀ kedere, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní òun ò rí nǹkan kan. Àwọn kan nínú ọkọ̀ ní ojo ni. Bàbá alágbádá kan ní òun máa pe ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù. Mi ò dárúkọ ilé iṣẹ́ o, ìjà kọ́ ni mo bá wá.


Ìjàkadì_Lorò
Ọjọ́rú, 7:58 àárọ̀

Ojo kọ́, àìsí ẹ̀rọ ni. Ní ilẹ̀ òyìnbó, bàálù ń balẹ̀ nínú yìnyín, nínú kùrukùru tí èèyàn ò ti rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Tiwa, eruku lásán, wọ́n á ti sá padà. Epo tí wọ́n sì fi jó lọ jó bọ̀ yẹn, orí tíkẹ́ẹ̀tì wa náà ni wọ́n máa gbé e lé. Èmi ará Ọ̀fà, mọ́tò ni mò ń wọ̀ ní tèmi.


ÌyáRùká_Ìpàtà
Ọjọ́rú, 8:10 àárọ̀

Alhamdulillahi tí ẹ padà láyọ̀, ọmọ mi. Ará Ọ̀fà, ẹ rọra o. Mọ́tò tí ẹ ń wọ̀ yẹn, ṣé ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ló ń gbà ni? Àwa tí à ń kó ọjà gba ibẹ̀ la mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ iṣẹ́ ná.


Ẹyẹ_ÒmùÀrán
Ọjọ́rú, 9:25 àárọ̀

Ẹ kú ewu, Ará Tankẹ. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì wá sílé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ ò purọ́, ẹ rí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ yín lẹ rí, kò sì wúlò fún ẹni tó ń wa ọkọ̀. Tiwájú ló ń wá. Ó ṣeé ṣe kí bàálù yín ti sún mọ́ 200 ẹsẹ̀ bàtà lókè ilẹ̀ nígbà náà, ìyẹn nǹkan bíi mítà 60. Láti fèrèsé yín sí aṣọ orí okùn yẹn, eruku mítà 60 péré ló wà láàárín. Awakọ̀ ní tirẹ̀ ń wo ọ̀kánkán, lójú ọ̀nà tó fi digiri 3 rọra dà sísàlẹ̀. Níbi tí ẹ wà yẹn, ibi tí táyà máa ti kan rọ́nwéè ṣì jìnnà ju kìlómítà kan lọ. Gbogbo eruku inú kìlómítà yẹn ló tò jọ síwájú gíláàsì rẹ̀. Èrò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé á rí ewúrẹ́ lórí ààtàn, awakọ̀ á rí ògiri aláwọ̀ amọ̀, àwọn méjèèjì ò sì purọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, tí o bá wà lókè pápá gan-an tí o bojú wolẹ̀, wàá rí rọ́nwéè láti orí dé ìdí. Ìgbà tí o bá wá sọ̀kalẹ̀ sínú eruku tí o kọjú sí i, a di àwátì. Ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ìbalẹ̀ ILS (ẹ̀rọ rédíò tó ń tọ́ bàálù sọ́nà dé rọ́nwéè) onípele kìíní, Category I, ní òpin: 200 ẹsẹ̀ bàtà lókè ilẹ̀. Tí o bá dé ibẹ̀, kí o ti rí iná rọ́nwéè tàbí rọ́nwéè fúnra rẹ̀. Tí o kò bá rí i, kí o gbéra. Láti 200 ẹsẹ̀ bàtà dé ilẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ fún bàálù tó ń sáré bíi tiyín. Ta ló fẹ́ ṣe ìgbìmọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15?

Ìdí nìyẹn tí ìpinnu yẹn fi máa ń wáyé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ rárá. Awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀ á gbé ìwé ìbalẹ̀ pápá náà síwájú, wọ́n á kà á sí ara wọn létí: ìlà rédíò ILS, ojú tí rọ́nwéè kọ sí, gíga tí a ó ti pàdé ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, gíga òpin. Wọ́n á tún ka ohun tí a ó ṣe tí a kò bá rí nǹkan: gíga tí a ó gùn dé, apá tí a ó yà sí. Wọ́n á wá yí àmì gíga òpin sí ojú ẹ̀rọ, tó fi jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa ké "minimums". Ẹni tó ka gbogbo èyí tán ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun máa gbéra padà. Rọ́nwéè ló gbọ́dọ̀ yọjú kí ó tó yí ọkàn padà.

Nípa ti bàbá alágbádá: ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n pe ẹni tó ni ilé iṣẹ́ lóòótọ́, kí wọ́n sì bá a dúpẹ́ pé ó gba awakọ̀ tó gbọ́n.


Ìjàkadì_Lorò
Ọjọ́rú, 9:41 àárọ̀

Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n 200 yẹn, ta ló fi lélẹ̀? Tó bá sọ̀kalẹ̀ dé 150 ńkọ́? 50 ẹsẹ̀ bàtà péré ni, bóyá ibẹ̀ gan-an ni yóò ti rí i.


Ẹyẹ_ÒmùÀrán
Ọjọ́rú, 10:30 àárọ̀

"Bóyá" yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bàálù tó ń balẹ̀ ń já tó 700 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. 50 tí ẹ ń wí yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni. Bẹ́ẹ̀ bàálù ò dà bí àkàbà tí èèyàn ń gùn: tí o bá fún ẹ́ńjìnì ní agbára, ọkọ̀ á ṣì máa rì díẹ̀ kí ó tó gòkè. Àwọn tó ṣírò ọ̀nà náà ti ro rírì yẹn mọ́ ọn, wọ́n ti wo igi, òpó àti ilé tó wà níwájú. Ẹni tó bá kọjá òpin láìrí nǹkan ti jáde kúrò nínú ìṣirò wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú tilé wá. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù Sosoliso 1145, DC-9, gbéra l'Ábújá lọ sí Port Harcourt. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀. 61 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé Loyola Jesuit College tí wọ́n ń lọ lo ìsinmi Kérésì lọ́dọ̀ òbí wọn. Òjò ńlá ti dé bá pápá náà. Èèyàn 108 kú, méjì ló yè. Àwọn òbí kan pàdánù ọmọ ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá (AIB nígbà náà, NSIB ni orúkọ rẹ̀ báyìí) kọ sínú ìwé ni pé ohun tó fa ìjàǹbá náà ni ìpinnu àwọn awakọ̀ láti máa bá ìbalẹ̀ lọ kọjá gíga òpin láìrí rọ́nwéè tàbí pápá. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pinnu láti gbéra, ìgbà tí wọ́n sì fẹ́ gbéra, wọn kò ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n tún mẹ́nu ba ìjì tó ń yí ọwọ́ padà nínú òjò yẹn, àti iná pápá tí kò sí ní títàn. Ẹ gbọ́ o, iná! Ọ̀sán ni, ẹnì kan rò pé ọ̀sán ò nílò iná. Bàálù náà tún lọ kọlu gọ́tà kọnkéré tó yọ sókè nílẹ̀ pápá, níbẹ̀ ló ti fọ́ tó sì gbiná.

Nítorí náà, mi ò lè dá gbogbo ẹ̀bi lé awakọ̀ lórí. Iná kì í ṣe iṣẹ́ awakọ̀, gọ́tà kì í ṣe iṣẹ́ awakọ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ àwọn méjì tó wà níwájú: kí wọ́n gbéra nígbà tí òpin pé.


Àdìsá_Gambari
Ọjọ́rú, 10:52 àárọ̀

Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé ti pé náà ni. Kádàrá ò mọ 200, kò mọ 150.


Alfa_Adéta
Ọjọ́rú, 11:20 àárọ̀

Àdìsá, kádàrá lóòótọ́ ni, kò sí Mùsùlùmí tó máa jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹ lọ ka Súrátul Baqarah, áyà 195: Ọlọ́run ní ká má fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. Ẹni tó ní òun ò ríran tó tún ń lọ síwájú, tó kó ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn, kí ló fẹ́ fi dáhùn? Ká má fi kádàrá bo àìbìkítà mọ́lẹ̀.


Oníwáyà_Adéwọlé
Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dárúkọ ẹ̀rọ dáadáa, nítorí iṣẹ́ tèmi nìyẹn, títún ẹ̀rọ atọ́nà ṣe.

Ìjàkadì, ẹ ní àìsí ẹ̀rọ ni. ILS kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fi rọ́nwéè hàn èèyàn. Eriali méjì ni lórí ilẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ìparí rọ́nwéè lọ́hùn-ún, òun ni localizer, ó ń sọ bóyá o wà lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí táyà ti ń kan ilẹ̀, òun ni glide slope, ó ń sọ bóyá o ga jù tàbí o rẹlẹ̀ jù. Ohùn méjì, hertz 90 àti hertz 150, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́, ọ̀kan sí apá kan, èkejì sí apá kejì. Tí bàálù bá gbọ́ méjèèjì dọ́gba, ọwọ́ ìtọ́ka á dúró sáàárín. Tí ọ̀kan bá pọ̀ ju èkejì, ọwọ́ á yà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń mú ọ dé ẹnu ọ̀nà. Kò bá ọ ṣílẹ̀kùn.

Ìbalẹ̀ tí ẹ rí nílẹ̀ òyìnbó nínú kùrukùru, Category III nìyẹn. Ẹ̀rọ orí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tó o, ẹ̀rọ inú bàálù gbọ́dọ̀ tó o, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó sì máa dán an wò lóòrèkóòrè, iná ilẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, iná mànàmáná ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlọrin, ẹ fọwọ́ sọ́kàn kí ẹ sọ fún mi bóyá iná tiwa kì í ṣẹ́jú.) Tí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ di òfo. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ọyẹ́ le, ẹ ò gbàgbé pé àwọn bàálù ńlá láti òkè òkun ò lè balẹ̀ l'Ékòó, Accra ni wọ́n já èrò sí. Ẹ̀rọ tuntun ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi bàálù àyẹ̀wò fò ó kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mínísítà bẹ àwọn èrò. ILS tí wọn ò tíì yẹ̀ wò, ó sàn kó máà sí. Ẹ̀rọ tó ń tọ́ni sọ́nà ibi tí kò tọ́, ta ló fẹ́ tẹ̀ lé e?

Èmi ò rò pé Category III ló kàn n'Ílọrin o. Tí ẹ bá fún mi lówó lónìí, iná orí ilẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó dára, àti ẹ̀rọ tó ń wọn bí ojú ṣe ń ríran sí lójú rọ́nwéè ni mo máa kọ́kọ́ rà. Rọ́nwéè wa gùn tó mítà 3,000 ó lé, kì í ṣe òun ni wàhálà. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá-ìlà-oòrùn, a sì ní ojú rọ́nwéè 05 tó kọjú sí i gẹ́lẹ́. Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀.


Ìjàkadì_Lorò
Ọjọ́rú, 1:19 ọ̀sán

Ó dáa, mo fà sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ. Lórí owó, mi ò tíì fà sẹ́yìn o.


Akẹ́kọ̀ọ́_Òfurufú
Ọjọ́rú, 2:40 ọ̀sán

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Mò ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ níbí n'Ílọrin. Bàbá Òmù-Àrán, ẹ jọ̀wọ́ sà, ìbéèrè kan wà tí mi ò lè bi olùkọ́ mi ní gbangba. Wọ́n ń kọ́ wa pé igbákejì awakọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá ń ṣàṣìṣe. Nínú ìwé, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tó ju bàbá mi lọ, tó ti fò láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, tó ń wa ọkọ̀ lọ kọjá òpin. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé kó gbéra? Ṣé mo máa ní "ẹ dákun sà" ni?


Ẹyẹ_ÒmùÀrán
Ọjọ́rú, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun. Gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti àárọ̀, ibi tí o dé yìí ni egungun rẹ̀.

Má ṣe sọ "ẹ dákun". Tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbólóhùn tó ní ọ̀wọ̀ nínú, ilẹ̀ ti dé. Ìdí tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ tí wàá sọ sílẹ̀, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń lo irú rẹ̀ kan náà, ni pé kí ẹnu rẹ má baà ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. "Minimums." Tí kò bá dáhùn "landing" (mo rí i, a ń balẹ̀): "go-around" (ká gbéra padà). Ọ̀rọ̀ kan ni. Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́, ìwé ló sọ ọ́. Àgbà tí o bá sọ fún kò ní ìdí láti bínú, nítorí òun náà ti bá ọ kà á nígbà tí ẹ ń múra ìbalẹ̀. Lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́, tí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì bá ti pe go-around, àríyànjiyàn ti parí, gbígbéra ló kù. Ẹ óò máa jiyàn lókè. Tí o bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀gá ò dá ọ lóhùn, ìwé fún ọ láṣẹ láti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá.

Wo Mangalore ní Íńdíà, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Boeing 737 Air India Express ń bọ̀ láti Dubai. Ọ̀gá awakọ̀ ti sùn fún ìgbà pípẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó jí, ọkọ̀ ga jù, eré rẹ̀ pọ̀ jù. Igbákejì rẹ̀ ní kó gbéra, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbéra. Wọ́n sáré kọjá òpin rọ́nwéè, ọkọ̀ já sínú àfonífojì. Nínú 166, 158 kú. Ojú ọjọ́ ò sì burú rárá, wọ́n rí rọ́nwéè. Ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Ohun tó kù tí kò ṣe ni kó gba ọkọ̀, mo sì rò pé ọmọ Yorùbá náà ì bá má gbà á.

Kí o tún mọ̀ pé òpin kọ́ ni ibi àkọ́kọ́ tí a ti ń pinnu. Ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà nínú eruku, kí ohun gbogbo ti dúró: eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀, flap (pátákó ẹ̀yìn apá ọkọ̀), ọwọ́ ìtọ́ka méjèèjì láàárín, kí jíjá má ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Tí ọ̀kan bá ṣì ń lọ́ tìkọ̀, gbéra níbẹ̀. Flight Safety Foundation wádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n rí i pé nínú 100 ìbalẹ̀ tí kò dúró déédéé, nǹkan bí 3 péré ni àwọn awakọ̀ gbéra kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó kù fi agídí balẹ̀, púpọ̀ jù lọ wọn sì balẹ̀ láyọ̀. Ibẹ̀ ló ti burú. Ẹni tó ṣe é tó sì yè, ọ̀la ló tún máa ṣe é.

Nílé, kúnlẹ̀ kí mi. Níwájú ọkọ̀, pariwo mọ́ mi.


Akẹ́kọ̀ọ́_Òfurufú
Ọjọ́rú, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.


Ará_Tankẹ
Ọjọ́rú, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ti ojú ti yé mi. Ẹyọ kan ló kù: kí ló dé tí wọ́n dákẹ́ fún wa bẹ́ẹ̀? Tí ẹ bá gbọ́ igbe inú ọkọ̀ yẹn! Ṣé gbólóhùn kan péré, "ẹ má bẹ̀rù", ló ṣòro? Tí gbígbéra bá jẹ́ ohun rere, kí ni wọ́n ń fi pamọ́?


Ẹyẹ_ÒmùÀrán
Ọjọ́rú, 8:47 alẹ́

Wọn ò fi nǹkan pamọ́, ọwọ́ wọn ló dí.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín pé go-around ò ní ewu tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ gbọ́dọ̀ di èyí tó ń fi gbogbo agbára gòkè: agbára ẹ́ńjìnì, imú sókè, flap wọlé díẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé, ojú ọ̀nà tuntun, gíga tuntun, táwà (àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀) ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Láàárín gbogbo èyí, ara èèyàn ń purọ́. Tí ọkọ̀ bá sáré gbà síwájú lójijì tí o kò sì rí ìta, etí inú rẹ á sọ fún ọ pé imú ọkọ̀ ti ga jù, ó fẹ́ dojú dé. Ọwọ́ á fẹ́ tì í sísàlẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ nìkan ló ń sọ òótọ́ nígbà yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Afriqiyah 771 nìyẹn ní Tripoli, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Airbus A330 láti Johannesburg, àárọ̀ kùtù. Ibi tí wọ́n fẹ́ balẹ̀ sí kò ní ILS, wọ́n kọjá gíga òpin láìrí rọ́nwéè, ẹ̀rọ kígbe pé ilẹ̀ ti sún mọ́, wọ́n gbéra. Wọ́n ti ń gòkè o! Ló bá di pé ọwọ́ tún ti imú ọkọ̀ sísàlẹ̀. Nínú 104, ọmọkùnrin ará Netherlands kan, ọmọ ọdún 9, nìkan ló yè.

Nítorí náà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní láti kọ́kọ́ wa ọkọ̀, kó mọ ibi tó ń lọ, kó bá táwà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kò dùn. Tí mo bá wà nínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò, tí wọ́n gbéra, tí mo gbọ́ ohùn awakọ̀ lójú ẹsẹ̀ tó ń bá wa ṣe àwàdà, ẹ̀rù á bà mí.

Pé ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì tó sì padà, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò fẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta àyàfi tí ojú ọjọ́ bá là. Epo tó máa gbé yín dé pápá mìíràn, àti ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rẹ̀, ti wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò l'Ékòó. Ẹni tó bá fi epo yẹn ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta àti ẹ̀ẹ̀kẹrin ló ń wá wàhálà.


Ìjàkadì_Lorò
Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́

Wàyí o, ẹ dá mi lóhùn lórí owó. Ṣé NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ò sọ fún wọn l'Ékòó pé ọyẹ́ ti bo Ìlọrin ni? Kí ló dé tí wọ́n fi gbé èèyàn gbéra?


Ẹyẹ_ÒmùÀrán
Ọjọ́rú, 9:38 alẹ́

Ará Ọ̀fà, níbí ni mo bá ẹ dé. Òfin gbà wọ́n láyè láti gbéra tí àsọtẹ́lẹ̀ bá ní ojú á ríran tó nígbà tí wọ́n máa dé, tí wọ́n sì ní pápá mìíràn tí wọ́n lè yà sí. Ọyẹ́ sì lè là láàárín wákàtí kan, ó sì lè le sí i. Kí ojú ríran tó mítà 800 ni ọ̀pọ̀ pápá wa ń béèrè. Ìgbà tí wọ́n kúrò, ó lè jẹ́ 1,000, kí wọ́n tó dé kó ti di 500. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe, tí wọ́n kàn fẹ́ lọ "wò ó", kí èrò lè rí i pé àwọn gbìyànjú, kí ọkọ̀ sì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ tó kàn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń gbé ẹrù ọ́fíìsì lé awakọ̀ lórí, ó ń mú un dé 200 ẹsẹ̀ bàtà pẹ̀lú èèyàn tó ti jókòó sí pápákọ̀ láti aago mẹ́fà, tí inú ń bí, tí bàbá alágbádá sì wà láàárín wọn. Ẹni tó máa sọ "rárá" l'Ékòó nínú ọ́fíìsì, rárá tirẹ̀ ò ní ewu kankan nínú. Ẹ bá wọn jà lórí ìyẹn, màá bá yín gbè é.


Oníwáyà_Adéwọlé
Ọjọ́rú, 9:51 alẹ́

Bàbá ti sọ ọ́. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n máa san owó ilé ìtura fún ẹni tí wọ́n já padà lóru. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú, ní òfin tó ń dáàbò bo èrò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ojú ọjọ́ ni" lé yín kúrò nídìí káńtà kí ẹ tó kà á.


ÌyáRùká_Ìpàtà
Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ka gbogbo rẹ̀ lóru. Bàbá Òmù-Àrán, ọmọkùnrin mi ń bọ̀ láti Àbújá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún ìsọmọlórúkọ àbúrò rẹ̀, àárọ̀ Àìkú la fẹ́ ṣe é. Ṣé kí n ní kó gba bàálù àárọ̀ ni àbí ti ọ̀sán?


Ẹyẹ_ÒmùÀrán
Ọjọ́bọ̀, 7:15 àárọ̀

Ti ọ̀sán, Alhaja. Lọ́pọ̀ ìgbà, oòrùn máa ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Tí ó bá lè bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì dípò Àbámẹ́ta, ìyẹn ló dára jù, kí ọjọ́ kan wà láàárín.


ÌyáRùká_Ìpàtà
Ọjọ́bọ̀, 7:48 àárọ̀

Mo ti pè é. Ó ní ọ̀gá òun ò ní fún òun láyè lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kó fi nọ́ńbà ọ̀gá yẹn ránṣẹ́ sí mi.